Petržalka: Àdúgbò Tí Ilé Rẹ̀ Jọra Bí Ìbejì

Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbi tí gbogbo ilé bá ti wá jọra bí ìbejì ńkọ́, èwo ni ènìyàn yóò wò? Ìbéèrè yìí ni ó ń wá sọ́kàn ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rin Petržalka, àdúgbò ńlá kan létí odò Danube ní Bratislava, olú-ìlú Slovakia. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lé ní 100,000.

Láti àárín ìlú, afárá SNP ni ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà kọjá odò, ọ̀nà tirẹ̀ sì wà lábẹ́ ti ọkọ̀. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí afárá náà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wó púpọ̀ nínú àdúgbò àwọn Júù tí ó wà nísàlẹ̀ ààfin, àti sínágọ́gù ńlá kan pẹ̀lú. Owó kọ́ nìkan ni wọ́n fi ra afárá yẹn.

Bí àlejò bá ti la ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́ tí ó wà lẹ́bàá odò kọjá, àwọn ilé gogoro náà yóò yọ sí i. Ilẹ̀ òfìfo kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn sí. Abúlé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé pẹlẹbẹ àti ọgbà eléso. Ìjọba Hitler gbà á ní ọdún 1938, Czechoslovakia sì gbà á padà ní 1945. Láti 1973 ni ìjọba Kọ́múníìsì ti bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́, tí wọ́n sì wó púpọ̀ nínú ilé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń rọ ògiri kọnkéré, tòun ti ojú fèrèsé, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé e wá, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tò ó léra. “Panelák” ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀.

Agbo ilé ni, ṣùgbọ́n agbo ilé tí kò ní baálé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń gba ẹnu-ọ̀nà kan wọlé láìbára tan, orúkọ wọn tò lára agogo ẹnu-ọ̀nà. Síbẹ̀, àṣà kò kú. Àlejò ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, onílé a sì fún un ní sálúbàtà. Àwọn tí ó ti abúlé wá ṣì ń lọ kí òbí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba Kọ́múníìsì ṣubú ní 1989, ọ̀pọ̀ ayálégbé ra yàrá tí wọ́n ń gbé, wọ́n di onílé. Ìgbà náà ni ọ̀dà pupa, ìyeyè àti ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọ̀ eérú. Igi tí wọ́n gbìn ti ga, àwọn ènìyàn sì ń najú létí omi Chorvátske rameno tí ó la àdúgbò náà já.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹlẹ́sẹ̀ kì í rìn jìnnà kí ó tó kan ààlà Austria. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ìbọn ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀ títí di 1989. Lónìí, àwọn ará Bratislava mìíràn ti lọ ra ilé ní Kittsee, abúlé Austria tí ó wà ní òdìkejì, ilé pẹlẹbẹ tí ó ní ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Bratislava ni wọ́n ń jí lọ ṣiṣẹ́.