Wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò lórí omi láàárín wákàtí 72, làwọn ará Mákòkó bá jókòó ya pùláànù tiwọn

Lọ́jọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2012, tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ni ìwé dé Mákòkó. Kì í ṣe ìwé ìpàdé o, ìwé ẹ-kó-kúrò-ńbẹ̀ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ ọ́, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn tí ilé wọn wà lórí omi. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé àwọn ilé onípákó náà ń ba àyíká jẹ́, pé wọ́n léwu fún ètò ààbò, pé wọn ò jẹ́ kí etí omi náà wúlò fún ọrọ̀ ajé, àti pé wọn ò yẹ ìlú ńlá bíi Èkó.

Ẹ sáà wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, tí ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà, òun ni wọ́n sọ fún pé kò jẹ́ kí etí omi wúlò!

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gé òpó tó gbé ilé ró, ilé sì ń wọ omi lọ, àwọn ìyálọ́mọ ń kó ìkòkò àti ọmọ sínú ọkọ̀ àjẹ̀. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ọjọ́ 21, ìbọn ọlọ́pàá ti pa ọ̀kan nínú àwọn olóyè àdúgbò náà. Ìgbà yẹn nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ò mọ Mákòkó ju èéfín tí wọ́n ń rí láti orí bíríìjì Third Mainland lọ. Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó wá láti Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Ìlàjẹ náà sì wà níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́bi bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, torí wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Marókò. Ní oṣù Keje, ọdún 1990, ìjọba ológun Rájí Ràsákì fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn náà ni katapílà wọlé. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní ó di aláìnílé. Ìwọ̀nba lándìlọ́ọ̀dù díẹ̀ tíjọba kà sí ojúlówó ni wọ́n wá fún ní fúláàtì lọ́nà Ìlásàn àti Ìkòtá. Ayálégbé ńkọ́? Òfìfo.

Àmọ́ àwọn ará Mákòkó ò kàn jókòó máa sunkún. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní SERAC bá wọn wá àwọn onímọ̀ ètò ìlú, àjọ Heinrich Böll láti Jámánì náà dá sí i, làwọn ará àdúgbò àtàwọn ọ̀mọ̀wé bá jọ fìkùnlukùn. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé pùláànù tí wọ́n ṣe, ìyẹn Makoko/Iwaya Waterfront Regeneration Plan, lọ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú.

Wọn ò sọ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n fi Mákòkó sílẹ̀ bó ṣe wà o. Ta ni kò fẹ́ ilé tó dáa? Ohun tí wọ́n ní ni pé kí àtúnṣe bá àwọn nílé. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì l'Áláùsá lè ní kí kálukú gbẹ́ ṣáláńgá, ṣùgbọ́n ta ní ń gbẹ́ ṣáláńgá sórí omi? Tiwọn ni pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gáàsì ìdáná á máa ti inú ẹ̀gbin rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nìkan ló mọ bí ìdọ̀tí àti igi ìdáná ṣe ń dààmú òun pa pọ̀.

Ìjọba gba ìwé náà. Gbígbà yàtọ̀ sí ṣíṣe ṣá. Fáṣọlá parí sáà rẹ̀ lọ́dún 2015, Àm̀bọ̀dé gorí àlééfà, pùláànù ṣì wà lórí tábìlì. Iléèwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí kọ́ síbẹ̀ ní 2013 làwọn oníròyìn òyìnbó ń ya fọ́tò kiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iléèwé kan ṣoṣo kì í ṣe ètò àdúgbò. Ìjì òjò wó òun náà lóṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Ọdún 2016 yẹn kan náà ni wọ́n tún lọ wó Òtòdó Gbàmẹ̀ lọ́nà Lẹ́kí, tí wọ́n sì padà wá parí iṣẹ́ ní 2017. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ọdún 2017, Adájọ́ Onígbànjo ilé-ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé ìwà ìkà tó lòdì sófin ni kí wọ́n lé èèyàn láìpèsè ibòmíì fún un, ó sì ní kí ìjọba bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ tó dùn ún gbọ́ ni, àmọ́ ilé ò sí níbẹ̀ mọ́ kó tó dé.

Wàhálà kan tún wà tí kì í ṣe ti ìjọba. Bí wọ́n bá ní kí ará àdúgbò wá sípàdé, ta ní ń lọ? Baálẹ̀ ni, àwọn olóyè ni, lándìlọ́ọ̀dù ni. Ìyá tó ń yan ẹja látàárọ̀ ò ráyè, ẹni tó háyà yàrá kan, wọn ò tiẹ̀ pè é. Bẹ́ẹ̀, irú wọn gan-an ni wọ́n gbàgbé ní Marókò.

Bóyá ìdí nìyí tí iṣẹ́ máàpù fi ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Lórí máàpù Èkó tẹ́lẹ̀, ojú omi lásán làyè Mákòkó, bí ẹni pé èèyàn ò sí níbẹ̀. Láàárín 2019 sí 2020, àjọ Code for Africa àtàwọn kan kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo dróònù, wọ́n ya àdúgbò náà látòkè, àwọn tó mọlé mọ̀nà sì ń sọ ibi tí iléèwé wà, ibi tí ilé ìwòsàn wà, àti ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá.