Súwíìsì tó yẹ ilé tí wọ́n ti ń fi wáyà wo fíìmù, tí wọ́n sì ti ń gbá géèmù

Wáyà tó ń gbé ohùn wọ inú yàrá kì í ṣe àjèjì nílùú Ìbàdàn rárá. Lọ́dún 1939 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà redíò wọ ilé àwọn tó bá sanwó rẹ̀ nílùú náà, ìyẹn àpótí kékeré tí Yorùbá fún ní orúkọ tó bá a mu gẹ́lẹ́, asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1959 tí tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà dé ilé. Ní báyìí tí fíìmù, bọ́ọ̀lù àti géèmù ti ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, àwọn kan ti ń padà sídìí wáyà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wáyà tòní ń gba èsì, ó sì ń gbé e padà.

Ìdí tí wọ́n fi ń padà sídìí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá mọ àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Yemẹ́tù, Bẹẹrẹ, Ọjàaba àti Bẹyẹrunkà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn, ògiri wọn nípọn, yàrá sì kọjú sí yàrá. Router tí wọ́n gbé sí pálọ̀ iwájú lè máa ṣe dáadáa fún ẹni tó jókòó tì í, kí ẹni tó wà ní yàrá kẹta sí ẹ̀yìn má rí ju ìlà kan ṣoṣo lójú fóònù rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ògiri, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ohun tó ń lo Wi-Fi inú ilé jọ ń gbà: lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dúró dè é. Ilé tí ọmọ kan ti ń gbá géèmù, tí ìyá ń wo fíìmù, tí ẹnì kan sì ń fi kọ̀ǹpútà bá ọ̀gá rẹ̀ tó wà lókè òkun ṣèpàdé, ariwo kì í tán níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ìpàdé yẹn jẹun ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn jù.

Súwíìsì tí wọ́n ń rà láti fi tán ìṣòro yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń tan iná o. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò márùn-ún, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń ki ẹnu wáyà bọ̀. Bí ilé bá jẹ́ agboolé, router ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, òun ló ń bá ayé ìta sọ̀rọ̀; súwíìsì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba iwájú yàrá kọ̀ọ̀kan kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè mú kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá sanwó megabit 20 fún iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, 20 náà ni yóò wọlé, ì báà ra súwíìsì olówó iyebíye.

Nígbà tí Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Xerox dá ètò Ethernet sílẹ̀ lọ́dún 1973, wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń pín lò. Àpótí kan tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní hub, dà bí akéde: ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni yóò ké sí etí gbogbo ilé. Súwíìsì ní tirẹ̀ a máa kọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohun tó wà nídìí ihò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló sì ń fi í lé.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ router ló ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ tẹlifíṣàn kan àti ẹ̀rọ géèmù kan péré ni wọ́n fẹ́ so mọ́ ọn, kí wọ́n fi owó wọn sápò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ router 5G kì í ní ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò tilẹ̀ fi ihò kankan sára router ìran kejì rẹ̀, àfi bí èèyàn bá ra ohun ìsomọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀; ìran kẹta ní méjì.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí ni kí olùrà kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n kọ 10/100 sí lára kò lè kọjá megabit 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 10/100/1000, tí wọ́n ń pè ní gigabit, ń gbé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ní ti fíìmù nìkan, 100 tó: megabit 15 ni Netflix sọ pé àwòrán 4K ń fẹ́, ihò ara ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn gan-an kò sì ju 100 lọ. Ibi tí èrè gigabit ti ń hàn ni ìdí géèmù. Géèmù ńlá kan lè tó gigabyte 100. Láti gbé e láti inú kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé kan náà, súwíìsì 100 yóò lò ju wákàtí méjì lọ. Gigabit lè parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí data ni owó. Láti ọdún 2023 ni Steam, tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, ti gbà kí kọ̀ǹpútà kan máa da géèmù tó ti wà lórí rẹ̀ kọ sórí òmíràn nínú ilé, láìjẹ́ pé wọ́n tún gbà á láti ìta. PlayStation 4 náà lè fi wáyà kó ti inú rẹ̀ fún PlayStation 5. Ẹ̀gbọ́n sanwó data lẹ́ẹ̀kan, àbúrò náà jẹ níbẹ̀.

Súwíìsì tí wọ́n kọ “gaming” sí lára wà lọ́jà pẹ̀lú, iná aláràbarà sì pọ̀ lára rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù bá wà ní Yúróòpù, ìdádúró tó ń bí ọmọ nínú kì í ṣe ti súwíìsì, abẹ́ òkun ló wà. Wáyà MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó. Nǹkan bí kìlómítà 200,000 ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ nìkan ti gba ìdá àádọ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí súwíìsì ń fi kún un kò tó nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, tí wáyà mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí MainOne wà lára wọn, kò sí súwíìsì tó lè gba ẹnikẹ́ni là.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún tọ́kùnbọ̀ oníhò mẹ́rìnlélógún tí àwọn ọ́fíìsì ti lò sẹ́yìn. Fáànù inú rẹ̀ a máa kùn, ó ń jẹ iná, ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì lè ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ “unmanaged” sí lára, tí kò nílò ètò kankan kó tó ṣiṣẹ́, ló yẹ ilé.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni wáyà. Cat5e tó jẹ́ ojúlówó bàbà tó fún gigabit títí dé mítà 100. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni CCA, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Kí olùrà fi ọ̀bẹ ha okùn kan nínú rẹ̀: bó bá funfun lábẹ́, kó dá a padà. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú wáyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni 100 ń lò, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni gigabit ń lò. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan tó bá já fi lè sọ súwíìsì gigabit di ti 100 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bí wáyà náà yóò bá gba inú àjà kọjá, inú páìpù ni kó gbà, nítorí eku.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Súwíìsì oníhò márùn-ún kì í sábà jẹ ju wáàtì márùn-ún lọ, nítorí náà bátìrì kékeré tó ń gbé router ró lè gbé òun náà, bí fólítì wọn bá bára mu. Ẹni tó bá fi iná fólítì 12 sí ara ti fólítì 5, ó ti jó o nìyẹn. Àwọn kan tún máa ń fa wáyà kọjá àgbàlá lọ sí ilé kejì, kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè jọ pín owó íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n wáyà bàbà tó wà níta a máa gbé agbára àrá wọlé, òjò Ìbàdàn kò sì mọ ẹni tó ń ṣọ́wó ná. Fáíbà ló yẹ kó gba ìta, torí gíláàsì kì í gbé iná.

Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ router wá yóò gba ihò kan, nítorí náà ohun mẹ́rin péré ni oníhò márùn-ún ń gbà. Ilé tó ní tẹlifíṣàn méjì, ẹ̀rọ géèmù méjì àti kọ̀ǹpútà kan ti di ti oníhò mẹ́jọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, bí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé bá ṣàdédé kú, tí gbogbo iná ara súwíìsì sì ń ṣẹ́jú kíkankíkan, kí wọ́n wá wáyà tí ọmọdé kan ti ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ súwíìsì kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń yí po níbẹ̀ láìdúró. Bí wọ́n bá ti fa ẹnu kan yọ, gbogbo rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò.