Ọmọ Ìjàpá ní Ìta Gbangba

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń pa àlọ́ ìjàpá ni kò sin ọ̀kan rí. Ìbá ṣe pé wọ́n ti sin ín ni, wọn ì bá mọ̀ pé ẹranko tí àlọ́ fi ṣe ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ yìí kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti sin ìjàpá tí à ń pè ní Alágbà, èyí tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Àwọn ará ààfin ní ó lo 344 ọdún láyé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ṣiyèméjì nípa iye yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ó gbó. Irú ẹranko tí ó lè pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń gbé sínú páálí, tí ó sì ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ara ìjàpá kì í dá ooru tirẹ̀ ṣe bí ti ajá tàbí ti ènìyàn. Láti inú oòrùn àti ilẹ̀ gbígbóná ni ó ti ń gba ooru tí ó fi ń rìn, tí oúnjẹ sì fi ń dà nínú rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ni ara rẹ̀ tún fi ń ṣe fítámì D, èyí tí ń mú kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ di egungun àti ìkarahun. Bí ọmọ ìjàpá kò bá rí oòrùn tó, ìkarahun rẹ̀ a máa rọ̀, a sì máa wọ́. Àwọn mìíràn a máa gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé onígíláàsì, wọn a sì rò pé ó tó. Kò tó rárá, nítorí gíláàsì a máa dá apá tí ó wúlò jù nínú ìtànṣán náà dúró. Ooru ni yóò kàn kọjá.

Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà lè pa á. Bí ara bá ti kéré tó ni ó ń yára gbóná tó. Nítorí náà, àárọ̀ kí oòrùn tó mú, tàbí ìrọ̀lẹ́, ni ó dára jù. Ìṣẹ́jú 15 tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Òjìji gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kì í ṣe èyí tí yóò ṣí kúrò bí oòrùn ti ń yí. Àjákù ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ó ní ojú ọ̀nà fún un láti wọlé, dára púpọ̀. Kí àwo omi pẹlẹbẹ wà nítòsí, kí omi inú rẹ̀ má sì dé àgbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e sínú àpótí gíláàsì tàbí ọpọ́n, tí ó sì gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn, sísè ni ó ń sè é. Òkúta tí ó lè gùn kí ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ kò yẹ níbẹ̀. Abẹ́ ìkarahun òkè gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà; bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ yóò wúwo lé e, èémí yóò sì ṣòro.

Kì í ṣe gbogbo ìjàpá ni ó fẹ́ oòrùn bákan náà. Irú èyí tí ó tóbi, tí ó ti ilẹ̀ gbígbẹ ìhà Sàhẹ́lì wá, fẹ́ koríko àti gbangba. Èyí tí ń gbé inú igbó, tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń pa dé bí ìlẹ̀kùn, ilẹ̀ tútù lábẹ́ ewé gbígbẹ ni ó fẹ́. Ohun ìyanu kan ni pé irú yìí kì í ní ìlẹ̀kùn náà nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń ní in. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lè tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá dé.

Ọ̀tá rẹ̀ kò sì níye. Àṣá àti kannakánná ń wò ó láti òkè, eku ń bọ̀ ní alẹ́, ìjàlọ lè bò ó mọ́lẹ̀, ajá ilé a sì máa rún un bí egungun. Pákó tàbí bíríkì ni kí a fi ṣe ọgbà rẹ̀, kì í ṣe wáyà tí a lè rí ìta nínú rẹ̀, nítorí ibi tí ìjàpá bá ti rí ìta ni yóò máa forí gbá kiri. Kí a ri ìsàlẹ̀ pákó náà mọ́lẹ̀, nítorí ó mọ ilẹ̀ í gbẹ́. Kí a sì fi àwọ̀n bo òkè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í. Kí a má ṣe gbé e sí ibi tí a ti fọ́n oògùn kòkòrò sí koríko.

Ìjàpá tí ara rẹ̀ le pẹ́pẹ́ lè gbé kòkòrò àrùn inú rírun sára. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní ọdún 1975 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò tó ínṣì 4 gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀sìn, nítorí àwọn ọmọdé tí ń fi í sẹ́nu. Ọmọ tí ó bá gbé ìjàpá rẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.