Kí ló dé tí àṣà Akan ní Ghana kì í ka ọmọ mọ́ ẹbí bàbá rẹ̀?

Bí bàbá bá kú láàrin àwọn Akan ní orílẹ̀èdè Ghana, àwọn ọmọ rẹ̀ ni àṣà ní kí wọ́n ra pósí tí wọn yóò fi sin ín. Àmọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ ogún pínpín, àṣà yìí kan náà kò ka àwọn ọmọ ọ̀hún mọ́ ẹbí bàbá wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ọmọ ló ni ogún bàbá. Kì í ṣe pé àwọn Akan kò fẹ́ràn ọmọ o. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ẹbí.

Kí ni Abusua?

Abusua ni àwọn Akan, tí Asante, Fante àti Akyem wà lára wọn, ń pe ẹbí. Ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àti àwọn ọmọ tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ bá bí, abusua kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá bí, abusua ìyá tiwọn ni wọ́n wà.

Abusua ńlá mẹ́jọ ló wà, lára wọn ni Oyoko, Bretuo, Asona àti Aduana. Inú Oyoko ni wọ́n ti ń mú Asantehene, ọba àwọn Asante, Asantehemaa tó jẹ́ ìyá ọba ló sì máa ń dárúkọ ẹni tí yóò gorí ìtẹ́.

Ìdí nìyí tí wofa, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá lọ́kùnrin, fi jẹ́ èèyàn pàtàkì nínú ayé ọmọ. Bí wofa bá kú, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni àṣà ní kí wọ́n jogún rẹ̀. Bàbá ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ló sì yẹ kó tọ́ ọ.

Kí ló mú ẹbí yìí lágbára?

Bí ìgbéyàwó bá tú, abusua kì í tú. Obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ṣì ní ilé tó lè padà sí, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì di aláìlẹ́bí. Ilẹ̀ ẹbí tún wà tó lè fi dáko.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, abusua ló ń sin òkú. Àwọn tó wá kẹ́dùn yóò dá owó tí wọ́n ń pè ní nsawa. Bí owó náà kò bá tó, àwọn ọmọ abusua ni yóò pín gbèsè náà san.

Òwe Akan kan sọ pé ẹbí dà bí igbó. Bí èèyàn bá wò ó láti òkèèrè, ṣe ló máa dà bíi pé gbogbo igi ló lẹ̀ mọ́ra. Ìgbà tó bá súnmọ́ ọn ni yóò rí i pé igi kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀.

Níbo ni wàhálà wà?

Nígbà tí oko kòkó gbilẹ̀ ní Ghana, ọ̀pọ̀ ìyàwó àti ọmọ ló ń bá baálé ilé ṣiṣẹ́ oko. Bí ọkùnrin náà bá kú, oko lè bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ro ewé kan níbẹ̀ rí. Opó àtàwọn ọmọ rẹ̀ lè máa wo ẹlòmíràn tó ń kórè ohun tí wọ́n gbìn.

Lọ́dún 1985, ìjọba ológun PNDC tí Jerry Rawlings darí gbé òfin 111 jáde lórí ogún ẹni tó bá kú láì ṣe ìwé ìhágún. Òfin náà ní ẹrù inú ilé di ti ọkọ tàbí aya tó kù láyé àtàwọn ọmọ. Bí olóògbé bá ní ilé kan, tiwọn ni. Bó bá ju ọ̀kan lọ, wọn yóò yan ọ̀kan.

Wọn yóò wá pín dúkìá tó bá ṣẹ́kù sí ọ̀nà 16:

Àwọn ọmọ: 9
Ọkọ tàbí aya: 3
Òbí olóògbé tó bá wà láàyè: 2
Ẹni tí àṣà bá ní kó jogún: 2

Òfin 114, tó jáde lọ́dún kan náà, fún àwọn mọ̀lẹ́bí lẹ́tọ̀ọ́ láti mú olórí ẹbí lọ sílé ẹjọ́ kó wá ṣàlàyé bó ṣe ná dúkìá ẹbí.

Kí ló kù?

Ohun tí olóògbé fi òógùn ojú ara rẹ̀ kó jọ ni òfin 111 wà fún. Dúkìá abusua kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á ní bàbá àwọn ló dá kọ́ ilé, àwọn mọ̀lẹ́bí á ní owó ẹbí wà nínú ẹ̀, ẹni tó mọ òtítọ́ sì ti kú.

Àṣà Akan fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ sí èyí. Bàbá lè fún ọmọ ní ilẹ̀ tàbí ilé nígbà tó ṣì wà láàyè, kí àwọn mọ̀lẹ́bí sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ náà yóò gbé ọtí tàbí owó díẹ̀ kalẹ̀ láti fi dúpẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní aseda. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ti mọ ohun tó jẹ́ ti ọmọ àti ohun tó jẹ́ ti abusua, bàbá kò sì ní láti kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.