Ta Ni Yóò Bá Wa Gbá Banigbé?

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìdọ̀tí Kútọnu o, ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé, "Ìjọba ò ṣe nǹkan kan." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SGDS, òun ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló ń gbá títì. Ìlú márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Kútọnu, Calavi, Àjàṣẹ́, Sèmè àti Wìdá. Ifangni ò sí nínú wọn. Ẹni tó bá jókòó sí Banigbé tó ń retí ọkọ̀ tí yóò wá kó ààtàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àfi kó máa retí lọ. A ò sọ pé kí mérì má ṣe tirẹ̀. Owó ọjà tí ẹ ń san, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kì í dúró de mérì.

Òfin náà wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n ṣe òfin kan ní ilẹ̀ Benin wa yìí tó de ọ̀rá tí kì í jẹrà. Òfin náà ní kí á má ṣe é, kí á má kó o wọlé, kí á má tà á, kí á má lò ó, kódà kí á má rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà. Ẹni tó ra ata ọgọ́rùn-ún fránkì, ọ̀rá kan. Ẹni tó ra iyọ̀, ọ̀rá mìíràn. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé, nítorí Igolo ò jìnnà, Ìdí-Ìrókò ló sì kọjú sí i. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ẹyọ ọ̀rá kan ṣoṣo. Ọmọ jẹ àkàrà tán, ó ju ọ̀rá sílẹ̀. Òjò rọ̀, omi díẹ̀ dúró sínú rẹ̀, kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ẹ̀fọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, ọ̀sán ló máa ń jẹni, irú omi kékeré bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn láti yé sí. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Òun ló máa ń gbé ibà pọ́njú àti ibà dengue kiri. Àwọ̀n tí ẹ ta sórí ibùsùn ò lè gba ọmọ tó ń ṣeré níta lọ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀. Bí omi bá sì wọ́ ọ̀rá náà dé oko, kò ní jẹrà. Ewúrẹ́ tó bá gbé e mì, ikùn rẹ̀ a wú, a sì kú, olówó ewúrẹ́ a máa bú ọ̀tá tí kò sí níbì kankan.

Àwọn míì á ní, "Èmi máa ń sun tèmi ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sun ún. Èéfín ọ̀rá kì í ṣe èéfín igi, májèlé wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn ló sì ń fà á símú pẹ̀lú yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù, a kì í fẹ́ sọ ọ́: ìgbẹ́ ọmọ. Ìgbẹ́ ọmọ kì í rùn sí ìyá rẹ̀. Nítorí náà a ń rò pé kò ní nǹkan nínú. A fi pálí kó o, a jù ú sí ààtàn, tàbí a da póò sẹ́yìn ilé, ó parí. Kò tíì parí o. Ọmọdé ni aràn àti ìgbẹ́ gbuuru ń mú jù, torí náà kòkòrò inú ìgbẹ́ rẹ̀ lè pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Abo aràn kan ṣoṣo lè yé ẹyin 200,000 lójúmọ́, ẹyin náà sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú. Adìẹ tú ààtàn ká, eṣinṣin bà lé e, ó gbéra, ó di orí àkàsà tí ẹ ṣí sílẹ̀ lọ́jà. Òjò wọ́ ìyókù lọ sí kànga.

Bí onígbáméjì bá wá wọlé ńkọ́? Ẹni tó gbé e mì lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ láàárín wákàtí méjìlá sí ọjọ́ márùn-ún, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ó lè kú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní kòkòrò yìí nínú ni kò ní rí àmì kankan lára wọn, síbẹ̀ ìgbẹ́ wọn ń pín in kiri. Ní Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, ó pa èèyàn tó lé ní 3,000 lọ́dún 2021. Onígbáméjì kì í bèèrè káàdì ní bodè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ná ọjà Nàìjíríà tipẹ́ á rántí ìgbà ìjọba Buhari àti Idiagbon, ní 1984. Ìgbà náà ni ìmọ́tótó àyíká di dandan. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, kò sí ọkọ̀ lójú pópó, kálukú a máa gbá iwájú ilé rẹ̀. Ní Èkó, ó tó 2016 kí wọ́n tó mú dídá èèyàn dúró sílé kúrò. Ṣé ó dáa? Ó dáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gbá ilẹ̀ nítorí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà náà, òjò àkọ́kọ́ a sì dá a padà síbi tó ti wá. Ilẹ̀ tí a gbá nítorí ẹ̀rù, kì í pẹ́ dọ̀tí. Ẹni tó da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù, kò sì sí sójà tó lè bá wa ṣọ́ póò ọmọ.

Nǹkan tó wà lọ́wọ́ wa ò le. Ìgbẹ́ ọmọ, inú ṣáláńgá ni kí ẹ dà á sí. Bí kò bá sí ṣáláńgá, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ bò ó dáadáa, kó jìnnà sí kànga. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́ yín àti ti ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ. Bí kò bá sí ọṣẹ, ẹ fi eérú. Fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nìkan, bí ìgbẹ́ gbuuru bá fẹ́ mú ọmọ mẹ́wàá, ó lè gba bíi mẹ́ta sílẹ̀. Ní ọjà, ẹ mú apẹ̀rẹ̀ àti abọ́ láti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀kọ, ewé tí ẹ fi ń pọ́n ọn kò fìgbà kan dí gọ́tà bí ọ̀rá ṣe ń dí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti ayé àtijọ́ ni. Kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan gbé agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀ fún ìdọ̀tí oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ilé yín ò sì tíì ní ihò ìdọ̀tí, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ ilé lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kó jìn tó ìbàdí àgbàlagbà, kó wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe ní òkè rẹ̀, kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀.