Kí Ẹ Tó Gun Òkè Kuliʻouʻou: Ọ̀rọ̀ Ìlera fún Àlejò Erékùṣù Oʻahu

Ọ̀nà òkè Kuliʻouʻou wà ní ìlà-oòrùn Honolulu, ní ìpínlẹ̀ Hawaii. Àdúgbò ilé gbígbé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà onílé, ẹ má sì pariwo láàárọ̀ kùtù. Láìpẹ́, ọ̀nà náà á pín sí méjì. Èyí tó lọ tààrà wọ àfonífojì; èyí tó yà sápá ọ̀tún ló ń gun òkè.

Àlọ nìkan tó kìlómítà 4, gíga orí òkè náà sì lé ní mítà 600. Ọ̀nà á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ títí, á gba abẹ́ igi ńláńlá tó níbòji, kí ó tó wá di àtẹ̀gùn onígi tó ga. Lókè pátápátá, ẹ ó rí Waimānalo àti òkun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ìjọba ń tọ́jú parí sí. Ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ tó tún ń bá ṣóńṣó òkè lọ. Ẹ má tẹ̀ lé e. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ òkè já sísàlẹ̀, kò sí fọ́tò tó yẹ kí èèyàn fi ẹ̀mí rà.

Ẹni tó ń gbé London lè rò pé ilẹ̀ kì í ṣú nínú oṣù Kẹfà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní Oʻahu, kí aago méje àbọ̀ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, kì í tó aago mẹ́fà. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà 2 dání, ó kéré tán.

Ẹ má mu omi odò, bó ti wù kó mọ́ tó. Ìtọ̀ eku àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó máa ń kó kòkòrò àrùn leptospirosis sínú omi àti ẹrẹ̀, ojú ọgbẹ́ ló sì sábà máa ń gbà wọ ara. Ẹ fi báńdéèjì tí omi kì í wọ̀ bo ọgbẹ́ yín. Àìsàn náà lè fara hàn láàárín ọjọ́ 2 sí 30: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹran ara dídùn, ojú pípọ́n, èébì. Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá, ibí yìí gan-an la ti ń bẹ̀ yín. Àmì wọ̀nyí jọ ti ibà, ẹlòmíràn á sì lọ ra oògùn ibà lò. Oògùn ibà kò ran èyí. Ẹ lọ rí dókítà kíákíá, kí ẹ sọ fún un pé ẹ rin ẹrẹ̀ tàbí omi ní Hawaii, kí ẹ sì dárúkọ ibi yòówù tí ẹ tún ti rin ìrìn àjò. Àrùn yìí ní oògùn, ó sì sàn kí a tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàtà yín náà lè kó àrùn ran igbó. Olú kan tó ń pa igi ʻōhiʻa ti wà ní Oʻahu láti 2019. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà, kí ẹ sì fi ọtí sípíríìtì nù ún, kí ẹ tó wọ igbó àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ padà. Ẹrẹ̀ òkè náà ń yọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ṣìnà tàbí ẹsẹ̀ rọ́, ẹ dúró sójú kan, kí ẹ pe 911 kí bátìrì fóònù tó kú.