Oníṣẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Rí Ìbúgbàmù Ìràwọ̀

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, Víctor Buso, oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní ìlú Rosario ní Ajẹntínà, ń dán kámẹ́rà tuntun wò lára awò awọ̀nà-jíjìn tí ó wà lókè ilé rẹ̀. NGC 613 ni ó dojú rẹ̀ kọ, agbo ìràwọ̀ tí apá rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ a máa rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù 80 ọdún kí ó tó kàn wá.

Lójijì, ojú kan tí ó ṣókùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìràwọ̀ ńlá ni ó bú gbàmù! Ìmọ́lẹ̀ àkọ́yọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kọjá. Ẹni tí ó bá sùn ti pàdánù rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní 2018, orúkọ oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ wà láàárín ti àwọn ọ̀mọ̀wé.